Òjò Cadjèhoun Kì Í Ṣe Òjò Ṣábẹ: Bí A Ṣe Lè Rin Ọ̀nà Igbó Láìséwu Nígbà Òjò àti Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Lọ́dọọdún, tí ìsinmi bá ti dé, tàbí tí ìnáwó tàbí òkú bá ṣẹlẹ̀ nílé, àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Cadjèhoun àti ní àwọn àdúgbò yòókù ní Kutọnu (Cotonou) á di ẹrù, wọ́n á forí lé Kétu, Ìdáàṣà (Dassa-Zoumè), Ṣábẹ (Savè), Savalou, Bantè tàbí Tchaourou. Ọ̀nà ọlọ́dà ló máa ń gbé wọn dé ìlú ńlá. Ṣùgbọ́n ilé ọ̀pọ̀ nínú wa kò sí létí ọ̀dà. Ó ṣì máa ń ku kìlómítà 10 tàbí 20, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, lójú ọ̀nà erùpẹ̀ tó gba àárín igbó àti oko kọjá. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Nínú àkọsílẹ̀ yìí, a kó ohun tó yẹ kí arìnrìn-àjò mọ̀ nípa irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ jọ, láti ìgbà òjò dé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun kan ló ṣe kókó jù nínú ẹ̀: ojú ọ̀run ibi tí a ti ń gbéra kò lè sọ fún wa bí ọ̀nà ibi tí à ń lọ ṣe rí. Ẹni tó bá wo òkè ní Cadjèhoun, tó rí oòrùn, tó sì torí ẹ̀ gbéra lọ sóko Ṣábẹ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ojú ọ̀run tí kì í ṣe tibẹ̀ ló gbẹ́kẹ̀ lé.

Òjò ẹ̀ẹ̀mejì ní gúúsù, òjò ẹ̀ẹ̀kan ní àríwá

Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ gùn tó bíi kìlómítà 700 láti etí òkun títí dé odò Niger, òjò ibẹ̀ kì í sì í rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní gúúsù, ìgbà òjò ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, ó máa ń le jù ní oṣù Kẹfà, ó sì máa ń dáwọ́ dúró ní oṣù Keje. Ẹ̀ẹ̀rùn kékeré á wá dé ní oṣù Kẹjọ. Òjò kejì á tún rọ̀ láti oṣù Kẹsàn-án títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, kí ẹ̀ẹ̀rùn ńlá tó dé.

Ní àríwá, lápá Parakú àti Kandi, ìgbà òjò kan ṣoṣo ló wà, láti nǹkan bí oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹwàá. Oṣù Kẹjọ àti oṣù Kẹsàn-án ni òjò máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn tó wà láàárín, láti Ìdáàṣà lọ sí Ṣábẹ àti Tchaourou, oríta méjèèjì ni wọ́n wà. Ọdún kan òjò wọn á jọ ti gúúsù, ọdún mìíràn á jọ ti àríwá.

Ibùdó ńlá 6 ni ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ orílẹ̀-èdè, Météo-Bénin, ti ń wọn òjò, ooru àti afẹ́fẹ́ tọ̀sán tòru: Kutọnu, Bohicon, Ṣábẹ, Parakú, Natitingou àti Kandi. Ti Kutọnu wà ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Cadjèhoun, èyí tí wọ́n fi orúkọ Kádínà Bernardin Gantin pè. Nítorí náà, tí rédíò bá sọ pé òjò báyìí báyìí rọ̀ ní Kutọnu, Cadjèhoun ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ẹni tó ń lọ sí Ṣábẹ, ìròyìn Ṣábẹ ni kó gbọ́. Ẹni tó ń lọ sí Kétu tàbí Bantè, tí ibùdó ńlá kankan kò sí níbẹ̀, kó pe ará ilé lórí fóònù.

Ẹ ṣọ́ra fún oṣù Kẹjọ

Oṣù Kẹjọ ló máa ń tan àwọn tó ń ti Kutọnu bọ̀ jẹ jù. Lásìkò yẹn, afẹ́fẹ́ olómi tó ń ti òkun wá ti gbé òjò lọ sí àríwá, omi òkun etíkun náà á sì tutù, kò ní jẹ́ kí ìkùukùu di òjò tó bẹ́ẹ̀. Ara á tu èèyàn ní Cadjèhoun, ilẹ̀ á gbẹ, èèyàn á rò pé òjò ti tán.

Oṣù yẹn gan-an ni àwọn ọmọ ilé-ìwé wà ní ìsinmi. Oṣù yẹn ni àwọn ìjọ Àgùdà máa ń lọ sí ìrìn àjò mímọ́ ní ihò àpáta Arigbo ní Ìdáàṣà. Ọjọ́ 15 oṣù náà ni Savalou ń ṣe ọdún iṣu tuntun. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn á fi ilẹ̀ gbígbẹ sílẹ̀, wọ́n á wọ ibi tí òjò ti ń rọ̀ lọ́sàn-án lóru. Ọ̀nà ọlọ́dà á ṣì gbà wọ́n. Àmọ́ tí wọ́n bá yà kúrò lórí ọ̀dà láti kí ẹbí lóko, wọ́n á bá ẹrẹ̀ pàdé, wọ́n á sì bá odò kékeré tó ti di ńlá. Bí ẹ bá fẹ́ wọ oko ní oṣù Kẹjọ, ẹ múra bí ẹni tó ń lọ ní àárín gbùngbùn òjò.

Omi tí kò bá òjò wá

Ewu kejì ni omi tó ń ti òkèèrè bọ̀. Odò Ouémé ló gùn jù nínú àwọn odò ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ó tó bíi kìlómítà 510. Apá àríwá ló ti ṣẹ̀, ó ń ṣàn wá sí gúúsù, odò Okpara àti odò Zou ń tú sínú ẹ̀, kó tó dé adágún Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Òjò tó bá rọ̀ lápá òkè ní oṣù Kẹjọ àti Kẹsàn-án á gba ọjọ́ púpọ̀ kó tó dé ìsàlẹ̀. Torí náà, ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá, odò lè kún bo ọ̀nà ní Zagnanado, Ouinhi, Bonou tàbí Adjohoun nígbà tí ẹ̀kán òjò kan kò já níbẹ̀ láti àárọ̀.

Ọdún 2010 kọ́ gbogbo wa lọ́gbọ́n. Ìkún omi ọdún náà dé kọ́múùnù 55 nínú 77 tó wà ní Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀nà gé, afárá bàjẹ́, abúlé di erékùṣù. Láti ìgbà náà, ohun tí àgbà tó ń gbé létí odò máa ń bi àlejò ni pé: «Kí ni wọ́n sọ nípa omi lókè?» Ìbéèrè tó yẹ kí arìnrìn-àjò náà máa bèèrè nìyẹn.

Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti ìwà rẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ọ̀nà erùpẹ̀ ló ń hùwà bákan náà nínú òjò. Ẹni tó bá mọ irú ilẹ̀ tó ń tẹ̀, ó ti mọ ìdajì ewu ọ̀nà.

Ilẹ̀ dúdú alámọ̀: Ilẹ̀ yìí wà ní kòtò Lama, láàárín Allada àti Bohicon, ó sì tún wà ní ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, láàárín Pobè àti Kétu. Èdè Potogí ni «lama», ẹrẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀, orúkọ náà sì bá a mu. Ibẹ̀ ni igbó ìjọba Lama wà, hẹ́kítà 16 250, tí ìjọba ti dáàbò bò láti ọdún 1946. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ yìí á sán débi pé ọwọ́ èèyàn lè wọ inú ihò rẹ̀. Tí òjò bá rọ̀, á wú, á lẹ̀ mọ́ táyà títí ojú táyà á fi dán bí ìkòkò. Ọ̀dà ti gba inú Lama kọjá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yà kúrò lórí ẹ̀ lẹ́yìn òjò, kó dúró kí oòrùn ràn dáadáa kó tó wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ tó bá rì síbẹ̀ lè sùn síbẹ̀.

Ilẹ̀ pupa alámọ̀, tí àwọn Faransé ń pè ní terre de barre: Òun ló pọ̀ ní Ṣakété, Pobè, Kétu àti Allada. Ó máa ń yọ̀ gan-an bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, pàápàá níbi ọ̀nà tó dagun. Ó máa ń yára gbẹ ju ilẹ̀ dúdú lọ.

Yangí: Òun la máa ń bá pàdé láti Ìdáàṣà lọ sókè. Tó bá gbẹ, ojú ọ̀nà á ká jọ bíi páànù òrùlé, ọkọ̀ á máa gbọ̀n, táyà kò sì ní di ilẹ̀ mú bó ṣe yẹ. Òkúta wẹ́wẹ́ orí ẹ̀ máa ń yí lábẹ́ alùpùpù bí ẹ̀wà. Ẹ rọra sáré lórí ẹ̀, ẹ má sì tẹ ìjánu lójijì.

Lórí àwọn ọ̀nà erùpẹ̀ kan, ẹ lè bá igi ìdènà tí wọ́n ń pè ní barrière de pluie. Wọ́n máa ń tì í fún ọkọ̀ ńlá nígbà tí òjò bá ń rọ̀ àti fún wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tó bá dá. Ẹ má bínú sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ẹ má sì wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Tírélà kan ṣoṣo tó bá wọ ẹrẹ̀ lálẹ́ lè gbẹ́ ihò tí kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ abúlé kọjá fún oṣù kan.

Ẹ̀ẹ̀rùn náà ní ewu tirẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé tí òjò bá ti tán, ewu ti tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì, ọyẹ́ máa ń gbé eruku wá, pàápàá láàárọ̀, ojú kì í sì í ríran jìnnà. Àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ọdẹ máa ń dáná sun igbó, èéfín á bo ọ̀nà. Ẹ má ṣe wọ inú èéfín tí ẹ kò rí òdìkejì ẹ̀. Ẹ dúró níbi tí koríko ti jó tán tàbí tí kò sí koríko, kí ẹ tan iná ọkọ̀, kí ẹ fi jìnnà sí ojú ọ̀nà.

Ọ̀nà gbígbẹ tún máa ń mú kí awakọ̀ sáré àsápajúdé. Ní 29 oṣù Kínní ọdún 2023, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bọ́ọ̀sì kan àti ọkọ̀ akẹ́rù forí sọ ara wọn ní Ìdáàṣà, iná sì sọ. Ọ̀pọ̀ èrò ló kú. Ọ̀dà ni wọ́n wà, kò sì sí òjò.

Àkọ́rọ̀ òjò, ní oṣù Kẹta àti Kẹrin, ló tún burú tẹ̀ lé e. Ìjì ló máa ń ṣáájú ẹ̀, àwọn igi tí iná ti jó ìdí wọn á máa wó sójú ọ̀nà. Eruku àti epo tó ti gbára jọ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn á pò mọ́ omi, ojú ọ̀nà á wá máa yọ̀ bí ilá. Ẹ yẹra fún abẹ́ igi ńlá tí ìjì bá ń jà.

Kí ẹ tó gbéra

Àwọn àgbà ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ pe èèyàn méjì, kì í ṣe ẹnì kan: ẹni tó ń gbé níbi tí ẹ ń lọ, àti awakọ̀ tàbí ọlọ́kadà tó gba ọ̀nà náà lánàá tàbí lónìí. Ìbéèrè mẹ́ta tó: Ìgbà wo ni òjò rọ̀ kẹ́yìn? Ibo ni omi ti ń gba orí ọ̀nà? Ọ̀nà mìíràn wà? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ó sàn kí ẹ fi kìlómítà 30 yí po ju kí ẹ sùn sínú omi lọ.

Ẹ wo táyà, títí kan èyí tí ẹ fi pamọ́. Ẹ wo ìjánu, iná iwájú àti tẹ̀yìn, àti ohun tó ń nu gíláàsì. Ẹ mú okùn tó nípọn, ọkọ́, àdá, tọ́ọ̀ṣì, omi mímu àti oúnjẹ ọjọ́ kan dání. Ẹ gba agbára sí fóònù dáadáa, torí pé ọ̀pọ̀ ibi nínú igbó Agoua lápá Bantè tàbí igbó Toui-Kilibo kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Láti 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà fóònù Bẹ̀nẹ̀ ti di oníye 10, 01 ló bẹ̀rẹ̀ wọn. Ẹ tún nọ́ńbà àwọn ará ilé tí ẹ kọ sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ṣe, kó má jẹ́ pé ọjọ́ wàhálà lẹ ó mọ̀ pé kò wọlé mọ́.

Ẹ má di ẹrù jù. Ìtàn Cadjèhoun fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí èyí: ní 25 oṣù Kejìlá ọdún 2003, ọkọ̀ òfuurufú Boeing 727 kan kò lè gòkè bó ṣe yẹ ní pápá náà, ó já sí etí òkun, ó lé ní 130 èèyàn tó kú. Ìwádìí fi hàn pé ẹrù ti pọ̀ jù nínú ẹ̀, wọn kò sì tò ó dáadáa. Ohun tí ẹrù ṣe fún ọkọ̀ òfuurufú, ó lè ṣe é fún bâché náà: á jẹ́ kó ṣòro láti dúró, á jẹ́ kó dojú dé lórí ọ̀nà tó dagun. Bákan náà, ẹ má wọ ọkọ̀ tó gbé kpayo sínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ èrò. Ìjàm̀bá kékeré á di iná ńlá.

Lójú ọ̀nà

Ẹ gbéra ní òwúrọ̀. Ẹni tó bá jáde ní Cadjèhoun ní aago márùn-ún ìdájí lè wọ ọ̀nà erùpẹ̀ lọ́sàn-án, kó sì dé abúlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Òkùnkùn ni kì í jẹ́ ká rí kòtò, màlúù tàbí ọkọ̀ tó kú sójú ọ̀nà tí kò tan iná. Tí alẹ́ bá lé yín bá, ẹ sùn sí ìlú, kí ẹ máa lọ lọ́jọ́ kejì. Òkú kò ní bínú.

Tí ẹ bá dé ibi tí omi ti ń gba orí ọ̀nà tàbí orí afárá kọjá, ẹ dúró. Omi tó ń sáré, tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Tó bá tó sẹ̀ǹtímítà 30, ó lè gbé ọkọ̀ kékeré léfòó. Tó bá tó 60, ó lè wọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ kò lè rí bóyá ilẹ̀ abẹ́ omi náà ṣì wà níbẹ̀, torí pé omi lè ti jẹ ẹ́ lọ. A kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. Ẹ dúró kí omi fà, tàbí kí ẹ padà. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú omi lẹ máa fi sọdá, kí àwọn èrò má pọ̀ jù nínú ẹ̀, kí ọmọdé sì wọ ẹ̀wù tó ń gbé èèyàn léfòó.

Afárá ńlá náà ń fẹ́ ìwà pẹ̀lẹ́. Ní 27 oṣù Keje ọdún 2025, bọ́ọ̀sì kan tó ń ti Lomé lọ sí Niamey já sínú odò Ouémé ní afárá Thio, ní kọ́múùnù Glazoué. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú ẹ̀ ni kò yè é. Kí awakọ̀ dín eré kù kó tó gun afárá. Èrò tó bá rí i pé ó ti ń sùn lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀. Ẹ má sọ pé ẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun zém tàbí alùpùpù tiyín, kí akóró wà lórí awakọ̀ àti lórí ẹni tó wà lẹ́yìn. Lórí ẹrẹ̀, kí èrò sọ̀ kalẹ̀, kó fẹsẹ̀ rìn kọjá.

Tí ọkọ̀ bá rì, tàbí tí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀

Tí ọkọ̀ bá rì, ẹ má máa tẹ̀ ẹ́ kó máa yí lójú kan, ṣe lá máa rì sí i. Ẹ já ẹrù àti èrò sílẹ̀, ẹ gbẹ́ ẹrẹ̀ iwájú táyà, ẹ tẹ́ ẹ̀ka igi tàbí òkúta sábẹ́ ẹ̀, kí ẹ wá rọra gbé e. Kí ẹnikẹ́ni má dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn tí wọ́n fi ń fà á, torí tó bá já, ó lè pa èèyàn. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ dúró ti ọkọ̀. Ẹ má rin inú koríko lóru láìní tọ́ọ̀ṣì àti bàtà, nítorí ejò. Ẹni tí ejò bá bù jẹ, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má so ó mọ́lẹ̀ pinpin. Ẹ jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá.

Tí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀ka igi sójú ọ̀nà lókèèrè níhà méjèèjì kí ọkọ̀ mìíràn má baà wá gbá yín. Ẹ pe àwọn panápaná (sapeurs-pompiers) ní 118 tàbí ọlọ́pàá ní 117. Ẹ dárúkọ abúlé tó súnmọ́ yín jù àti kọ́múùnù tó wà. Tí epo bá ń jò, kí ẹnikẹ́ni má dáná, kí ẹnikẹ́ni má sì gbọ́n epo.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní òpin ọ̀nà

Ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju àlejò lọ, torí ẹ̀yin lẹ ń jáde lójoojúmọ́. Kí òjò tó dé, ẹ gbọ́n ẹrẹ̀ kúrò nínú ihò omi abẹ́ ọ̀nà, kí omi lè ríbi kọjá. Ẹ gbin igi gíga sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tí odò ti máa ń kún, kí ẹ kun ún ní pupa níbi tí omi bá ti léwu fún ẹlẹ́sẹ̀, kí àlejò lè rí i láti òkèèrè. Tí ọ̀nà bá gé, ẹ sọ fún olórí abúlé kó fi tó kọ́múùnù létí, kí ẹ sì fi igi dí i lẹ́yẹ-ò-sọkà kí ẹni tó ń ti Kutọnu bọ̀ lóru má baà wọ̀ ọ́.

Pàtàkì jù lọ ni ọ̀rọ̀ aboyún àti aláìsàn. Tí abúlé yín bá máa ń di erékùṣù ní oṣù Kẹsàn-án, tí oṣù ìbímọ obìnrin kan sì bọ́ sí ìgbà yẹn, ẹ má dúró kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó lọ gbé lọ́dọ̀ ẹbí nítòsí hôpital de zone ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà, kó ra ti oṣù méjì sílẹ̀ kí omi tó kún. Owó ọkọ̀ tí ẹ máa ná sí èyí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí tó lè bọ́ létí odò níbi tí wọ́n ti ń dúró de omi kó fà.

Kójú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá wí. Lójú ọ̀nà igbó, fóònù ló ṣáájú ẹsẹ̀ báyìí. Kí ẹ tó di ẹrù sókè ní Cadjèhoun, ẹ pe ilé, ẹ béèrè omi, ẹ béèrè ọ̀nà. Tí wọ́n bá ní kí ẹ má ì wá, ẹ gbà fún wọn.